Àga Ìyá Ìjọ Lábẹ́ Fáànù

Àga kan wà ní ìlà iwájú, lọ́wọ́ òsì, nínú ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi kan ní àdúgbò Pedro. Tìmùtìmù pupa wà lórí rẹ̀, fáànù tó lágbára jù nínú ilé náà ló sì wà lókè rẹ̀ gan-an. Fáànù ọ̀hún kì í ṣe ẹgbẹ́ àwọn fáànù ìsinsìnyí. Bí NẸ́PÀ bá mú iná wá, tí fáànù yẹn bá bẹ̀rẹ̀ sí í yí ní Pedro, ẹni tó wà ní Ọbanikòró á fọwọ́ di fìlà rẹ̀ mú. Láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì náà, ìyàwó pásítọ̀ ló ń jókòó síbẹ̀, ẹni tó bá sì jókòó síbẹ̀ ni tọmọdé tàgbà ń pè ní Ìyá Ìjọ.

Nígbà tí pásítọ̀ àgbà fẹ̀yìn tì, tí òun àti ìyàwó rẹ̀ kó ẹrù wọn padà sí Ṣakí, àga náà ṣófo. Ṣùgbọ́n kò ṣófo pẹ́. Ní ọjọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e, Màmá Tabitha Ọdẹ́túnjí wọlé, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ní eegun ẹ̀yìn ń ro òun, àfi ibi tó bá ní tìmùtìmù. Ó jókòó. Ẹnikẹ́ni kò bi í. Lọ́sẹ̀ kejì, eegun ẹ̀yìn ṣì ń ro ó. Nígbà tó yá, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi bẹ̀rẹ̀ sí í kúnlẹ̀ níwájú àga: "Ẹ káàárọ̀, Ìyá Ìjọ." Ọjọ́ náà gan-an ni eegun ẹ̀yìn Tabitha san pátápátá, ṣùgbọ́n kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Kí ẹni tó ń kàwé yìí tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú u, kó kọ́kọ́ mọ ẹni tó jẹ́. Ìwé ni Tabitha ń dì jẹun ní Ṣómólú, níbi tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti ń jí aráyé ṣáájú àkùkọ. Ọkọ rẹ̀, òǹtẹ̀wé pàtàkì, ti kú. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí, Ọ̀rẹ́olúwa, ti wà nílé ọkọ ní Ìbàdàn. Ọdún tí àwọn sójà gbé ìjọba sílẹ̀ fún alágbádá nìyẹn, pósítà sì pọ̀ ní Ṣómólú ju iyanrìn lọ. Kò sí olóṣèlú kan ní Èkó tí Tabitha kò fi ọ̀bẹ gé ìwé lẹ́bàá etí rẹ̀. Ṣùgbọ́n pósítà kì í kí ènìyàn, ẹ̀rọ kì í sì í pe ènìyàn ní ìyá. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì náà, láti ìgbà ọmọge rẹ̀, òun ló ń fọ ife oúnjẹ alẹ́ Olúwa, òun ló ń se oúnjẹ fún oníwàásù tó bá wá láti ọ̀nà jíjìn. Bí iṣẹ́ bá dé, wọn a rántí rẹ̀. Bí oyè bá dé, òpó ṣọ́ọ̀ṣì a bò ó mọ́ ẹ̀yìn. Àga yìí ló kọ́kọ́ mú un jáde lẹ́yìn òpó. Ẹni tó bá fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, tọ̀hún yóò kọ́kọ́ rí pupa ojú rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ sì ni ṣọ́ọ̀ṣì kò lè máa wà láìní pásítọ̀. Àwọn Onítẹ̀bọmi kò ní bíṣọ́ọ̀bù tí yóò kan fi pásítọ̀ ránṣẹ́ sí wọn bí ẹni fi ọlọ́pàá ránṣẹ́ sí tẹ́ṣàn. Ìjọ fúnra wọn ni yóò wá ẹni tí wọ́n fẹ́. Wọ́n yan ìgbìmọ̀, wọ́n fi Díákónì Japhet Ikúmápàyí, òṣìṣẹ́ rélùwéè tó ti fẹ̀yìn tì, ṣe alága. Wọ́n ní kí Tabitha ṣojú àwọn obìnrin. Inú rẹ̀ dùn títí ó fi dé ilé.

Nílé, níbi tó ti ń gé pósítà, ni Àlàájà Sìmbíátù ti bá a sọ ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n jọ ń gbé ojúlé kan ni, ẹja gbígbẹ tí Àlàájà ń rà létí ọ̀sà ní Ìlàjẹ ló ń tà.

"Ìyá Ọ̀rẹ́, mo gbọ́ pé ẹ̀yin náà fẹ́ dìbò."

"A ò tíì débi ìbò, Àlàájà. A ṣì ń wá ẹni tí a máa dìbò fún."

"Ẹni mélòó ló ń du ipò ọ̀hún?"

"Ẹnì kan."

"Ẹnì kan! Ta ló wá ń bá a du ú?"

"Kò sẹ́ni tó ń bá a du ú. Ẹnì kan la máa mú wá síwájú ìjọ. Á wàásù, a ó bi í ní ìbéèrè, á máa lọ ilé rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ìjọ á ní bẹ́ẹ̀ ni, tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́."

Sìmbíátù rẹ́rìn-ín títí ẹja fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Háà! Ẹnì kan ṣoṣo lórí ìbò! Ohun tí àwọn sójà fẹ́ fi gbá wa mú lọ́jọ́sí nìyẹn, tí a ní a ò gbà. Ẹ̀yin wá ń fi ṣe ẹ̀sìn!"

"Ẹ lọ, jàre. Tiwa ní àdúrà nínú."

"Mo gbọ́. Pásítọ̀ tí ẹ fẹ́ mú wá yẹn, ṣé ó níyàwó?"

Ọ̀bẹ ìgéwé dúró lọ́wọ́ Tabitha. Láti ìgbà tí wọ́n ti fi í sínú ìgbìmọ̀ ló ti ń yẹra fún ọ̀rọ̀ yìí bí ẹni yẹra fún gbèsè. Pásítọ̀ Onítẹ̀bọmi wo ni kì í níyàwó? Ìyàwó wo ni kì í jókòó?

"Mo ní ṣé ó níyàwó?"

"Kí ló kan ẹlẹ́ja níbẹ̀?" ni Tabitha wí, ó sì gé ojú olóṣèlú kan sí méjì.

* * *

Orúkọ tí ìgbìmọ̀ kọ́kọ́ gbé yẹ̀ wò ni ti Pásítọ̀ Fọlájìmí Mákánjúọlá, tó wà ní ìjọ kékeré kan ní Ṣágámù. Ìṣe wọn ni pé kí wọ́n yọ́ lọ gbọ́ ìwàásù ẹni bẹ́ẹ̀ nínú ìjọ rẹ̀, láìjẹ́ kó mọ̀. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ pẹ́ dé, kí wọ́n má bàa bá ibi tí wọ́n ti ń ní kí àlejò dìde sọ orúkọ. Wọ́n fọ́n ká, oníkálukú jókòó bí ẹni tí kò mọ ẹnì kejì rí. Àmọ́ pásítọ̀ wo ló máa rí àlejò tí wọ́n fọ́n ká báyẹn, tí gbogbo wọn ń fojú wọ̀n ọ́n bíi télọ̀, tí kò ní mọ̀? Mákánjúọlá rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ṣí Bíbélì rẹ̀, ó sì wàásù lórí kànga Jékọ́bù. Ìwàásù náà ga! Ó ṣàpèjúwe omi náà títí òùngbẹ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Díákónì Japhet. Aláǹgbá tó ń lọ lórí ògiri dúró, ó gbọ́ ọ parí kó tó máa bá tirẹ̀ lọ.

Tabitha kò gbọ́ nǹkan kan nínú rẹ̀. Ìyàwó ló ń wá. Ó wo gbogbo gèlè ìlà iwájú, kò rí èyí tó ní ìgbéraga tó. Ìgbà tí ìsìn parí ló tó rí i tí àwọn obìnrin ṣù bo ẹnì kan níta, lẹ́bàá igi máńgòrò. Obìnrin kékeré kan ni, ó dúdú, ó pọn ọmọ, ó ń rẹ́rìn-ín. Ìyá arúgbó kan, tó lè bí Tabitha, di ọwọ́ rẹ̀ mú, kò fẹ́ fi í sílẹ̀.

"Ta nìyẹn, mà?" ni Tabitha bi arúgbó náà nígbà tó kọjá lẹ́bàá rẹ̀.

"Ìyá wa ni. Ìyàwó pásítọ̀. Gbémisọ́lá."

Ìyá wa! Ọ̀rọ̀ náà wọ Tabitha lára bí ata wọ ojú. Òun fi irun orí funfun wá oyè náà, ọwọ́ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ọmọ àná yìí kàn pọn ọmọ sẹ́yìn, ó sì gbà á. Láti Ṣágámù dé Pedro, ojú fèrèsé ọkọ̀ ló kọjú sí. Ó ń wo Gbémisọ́lá lọ́kàn rẹ̀ bí ìyáálé ṣe ń wo ìyàwó tuntun nígbà tí wọ́n bá ń fọ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n sì ní kí ìyáálé fúnra rẹ̀ bu omi wá.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ jókòó láti jábọ̀, gbogbo wọn ló ní àwọn ti rí pásítọ̀. Ó kan Tabitha.

"Pásítọ̀ dára. Ìyàwó rẹ̀ ni mi ò gbà."

Japhet bọ́ awò ojú rẹ̀. "Kí ló ṣe, Ìyá Ọ̀rẹ́?"

"Ó ń rẹ́rìn-ín jù."

"Ẹ̀rín ti di ẹ̀ṣẹ̀?"

"Ó sì tún kéré jù. Kò lè gbé ìjọ wa."

"Ṣé orí la ní kó fi gbé e ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Tabitha nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n fẹnu kò pé kí wọ́n pe Mákánjúọlá wá wàásù fún gbogbo ìjọ. Níwọ̀n bí ilé pásítọ̀ ti ń jò, tí Tabitha sì ni alásè oníwàásù láti ọjọ́ aláyé ti dáyé, ilé rẹ̀ ni wọ́n ní kí àlejò sùn.

* * *

Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n dé. Gbémisọ́lá kò tíì sọ àpò kalẹ̀ tó ti wọ ilé ìdáná.

"Ẹ jẹ́ kí n bá yín gún un, mà."

"Àlejò kì í gún iyán nílé mi. Ẹ lọ jókòó."

Nígbà tí wọ́n jẹun tán, Gbémisọ́lá kúnlẹ̀. "Màmá, mi ò jẹ irú ọbẹ̀ yìí rí. Ẹ jọ̀ọ́, bí Ọlọ́run bá ní ká wá síbí, ẹ ó kọ́ mi."

Tabitha rẹ́rìn-ín ìta eyín. Nínú rẹ̀ ó ní, "Ẹ gbọ́! Kò ní gba àga nìkan, ó tún fẹ́ gba ìkòkò."

Ní ọ̀sán, ìjọ bi pásítọ̀ ní ìbéèrè lórí ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́, lórí ìrìbọmi, lórí bí yóò ṣe ṣe sí àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi gìtá kọrin. Wọ́n ní kí obìnrin tó bá ní ìbéèrè fún ìyàwó rẹ̀ dìde. Tabitha dìde. "Ìyá tó tọ́ yín, ṣé ó kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń bọ̀wọ̀ fún ẹni tí ẹ bá nílé?"

Gbémisọ́lá dá a lóhùn pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀: "Ó kọ́ mi, mà. Bí mo bá gbàgbé, kí ẹ̀yin náà tún mi kọ́." Ṣọ́ọ̀ṣì pàtẹ́wọ́. Tabitha jókòó bí ẹni tó gbin àgbàdo tí ẹyẹ jẹ.

Lọ́jọ́ ìsinmi, ẹni tó ń gbálẹ̀ kò tíì dé ìlà kejì tí Tabitha ti wà lórí àga. Ó wọ léèsì tó wọ̀ nígbà ìgbéyàwó Ọ̀rẹ́olúwa. Ìsìn kù díẹ̀ kó bẹ̀rẹ̀, Japhet mú Gbémisọ́lá wọlé, ó tẹ̀ síwájú, ó tẹ̀ ba mọ́ Tabitha létí.

"Ìyá Ọ̀rẹ́, àlejò dé."

"Mo rí wọn. Ẹ wá àga fún wọn."

"Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ibí yìí ni..."

"Eegun ẹ̀yìn, Díákónì."

Japhet wo àga, ó wo àlejò. Ṣé a lè fi ọwọ́ fa opó dìde níwájú pẹpẹ? Gbémisọ́lá ló kó o yọ. "Ẹ má dà wọ́n láàmú, sà. Ìyá wa ni wọ́n." Ó yí padà, ó lọ sẹ́yìn pátápátá, lẹ́nu ilẹ̀kùn, níbi tí àwọn abiyamọ ń jókòó sí kí igbe ọmọ má bàa dí ìwàásù lọ́wọ́.

Ọlọ́run ló mọ ohun tó ṣe NẸ́PÀ lọ́jọ́ náà. Pásítọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ka ẹsẹ Bíbélì tán ni iná lọ. Fáànù ńlá yí lẹ́ẹ̀kan, ó yí lẹ́ẹ̀kejì, ó dúró. Òógùn bẹ̀rẹ̀ sí í gba abẹ́ léèsì Tabitha sọ̀kalẹ̀. Lẹ́yìn, lọ́dọ̀ àwọn abiyamọ, afẹ́fẹ́ ọ̀sà ń gba ẹnu ilẹ̀kùn wọlé. Ọmọ kan ké níbẹ̀, ọmọ tí gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì mọ̀, tí ìyá rẹ̀ kì í lè gbọ́ ìwàásù nítorí rẹ̀. Gbémisọ́lá gbà á, ó gbé e lé èjìká, ọmọ náà dákẹ́ bí ẹni tí wọ́n pa iná mọ́ lẹ́nu. Ọrùn kan yí padà láti wò ó. Òmíràn yí. Kí ìwàásù tó dé ìdajì, Tabitha tó jókòó níwájú gbogbo ènìyàn yí padà, ó sì rí i pé ìpàkọ́ ni gbogbo ìjọ kọ sí òun. Òun ni ó ni àga. Ẹlòmíràn ni ó ni ojú ìjọ.

* * *

Àlejò padà sí Ṣágámù. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, ìpàdé ìjọ jókòó. Ẹni tí wọ́n ti rì bọ omi nìkan ló lè dìbò, àmọ́ bí ọjọ́ bá ti rí báyẹn, ẹni tí kò wá sí ṣọ́ọ̀ṣì láti ọdún méjì á wá. Gbogbo ẹnu ló ti kún fún ọ̀rọ̀ òṣèlú lọ́dún náà. Ẹnì kan kígbe pé, "Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ṣe màgòmágó o!" Japhet ní kí wọ́n bu ọlá fún ilé Ọlọ́run. Ó ní ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ kó dìde.

Tabitha dìde. Ó ti bá àwọn obìnrin sọ̀rọ̀ ní ojúlé sí ojúlé láti Pedro dé Bàrígà.

"Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ọ̀rọ̀ mi kò pọ̀. Ìjọ wa ní àṣà. Ìyàwó pásítọ̀ ní àyè tirẹ̀. Gbogbo yín lẹ rí i lọ́jọ́ ìsinmi: obìnrin yìí fi àyè Ìyá Ìjọ sílẹ̀, ó lọ jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn! Ẹni tí kò mọ àyè rẹ̀, ṣé ó lè mọ àyè wa?"

Japhet bọ́ awò ojú, ó nù ún, ó tún un wọ̀.

"Ìyá Ọ̀rẹ́, ẹ forí jì mí. Lọ́jọ́ tí ẹ ń wí yìí, ta ló wà lórí àga?"

Bí a bá ní wọ́n rẹ́rìn-ín, a kò tíì sọ ọ́. Ẹ̀rín náà gba Pedro kọjá, ó dé Ìlàjẹ, àwọn apẹja rò pé ààrá ni, wọ́n ká àwọ̀n wọn. Tabitha jókòó. Etí rẹ̀ gbóná.

Wọ́n pín ìwé ìdìbò. Wọ́n kà á, gbogbo rẹ̀ ló jẹ́ "Bẹ́ẹ̀ ni", àfi ẹyọ kan. "Bẹ́ẹ̀ kọ́" ni wọ́n kọ sí èyí, wọ́n sì tẹ bírò mọ́ ọn títí ìwé fi lu. Ìbò ìkọ̀kọ̀ ni, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó kọ ọ́. Nítorí náà gbogbo ènìyàn gbójú sókè, wọ́n ń wo àjà.

"Ẹ̀yin ará," ni Japhet wí, "ìpè yìí ti dúró. Ṣùgbọ́n ẹ mọ ìṣe wa. Ó dára kí pásítọ̀ gbọ́ pé gbogbo ìjọ ló pè é, láìku ẹnì kan. Ta ni yóò dá a lábàá pé kí a sọ ọ́ di ohùn kan?"

Kò sẹ́ni tó dìde. Wọ́n ń dúró de ẹni tó ni "Bẹ́ẹ̀ kọ́", Tabitha sì mọ̀. Bí òun bá jókòó síbẹ̀, wọn a ní òun ni. Ó fò dìde kí ẹnikẹ́ni tó lè wo òun.

"Mo dá a lábàá!"

"Mo ṣe ìkejì!" ni gbogbo ilé dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ọpẹ́ ni fún Olúwa tó yí ọkàn yín padà, Ìyá Ọ̀rẹ́."

"Ọkàn ta ló yí padà? Ṣé ẹ bá mi níbi tí mo ti ń kọ nǹkan ni?"

Ohun tó gbàgbé nínú ìkánjú ni pé nínú ìjọ náà, ẹni tó bá dábàá ìpè ni yóò bá alága gbé ìwé ìpè lọ fún pásítọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Tabitha ṣe fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé orogún wọlé. Ní Ṣágámù, Mákánjúọlá gba ìwé, ó ní àwọn yóò gbàdúrà sí i. Gbémisọ́lá sìn wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, ó kúnlẹ̀.

"Màmá, bí a bá wá, ẹ bá mi tọ́jú ibi tí mo jókòó sí lọ́jọ́sí. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ dára."

Tabitha gbà pé ó ń fi òun ṣẹ̀sín ni. Kò gbàgbọ́ pé ẹnikẹ́ni lè rí àga náà kó má fẹ́ ẹ.

* * *

Pásítọ̀ gba ìpè. Lọ́jọ́ ìsinmi tí wọ́n fi í jẹ, wọ́n fọ tìmùtìmù, wọ́n sì fi àga sílẹ̀. Tabitha jókòó sí ìlà kejì, lẹ́yìn rẹ̀ gan-an, ó múra láti wo ẹ̀yìn gèlè títí ayé. Gbémisọ́lá wọlé. Ó kí ìlà iwájú, ó kọjá lára àga, ó lọ sẹ́yìn, sọ́dọ̀ àwọn abiyamọ.

Japhet sáré tẹ̀ lé e. "Ìyá Ìjọ, àga yín..."

"Màmá ni kí ẹ fi fún, sà. Eegun ẹ̀yìn ń ro wọ́n."

Ọ̀rọ̀ dé iwájú. Gbogbo ojú wo Tabitha. Ó dìde, ó jókòó sórí àga. Iná wà, fáànù ń fẹ́, tìmùtìmù ń ta sánsán ọṣẹ. Ohun tó fi gbogbo ọdún jìjàkadì fún ti dọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sí ẹni tó tún ń bá a du ú. Ó dúró kí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi dé. Wọ́n dé. Wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá bí omi ti ń gba ẹ̀gbẹ́ òkúta. Láti ẹ̀yìn lọ́hùn-ún ló ti gbọ́ ọ: "Ẹ káàárọ̀, Ìyá Ìjọ!"

Orin àkọ́kọ́ ń lọ lọ́wọ́ nígbà tí Tabitha dìde. Ó ká tìmùtìmù pupa kúrò lórí àga, ó há a mọ́ abíyá, ó sì rìn gba àárín ìjọ kọjá lọ sẹ́yìn, kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Ó dúró lórí Gbémisọ́lá. Kò fi "ẹ" ọ̀wọ̀ sí i rárá.

"Sún díẹ̀."

"Màmá, ṣé kò sí nǹkan?"

"Fáànù iwájú yẹn ti pọ̀ jù fún eegun ẹ̀yìn mi. Mo ní sún."

Gbémisọ́lá sún. Tabitha tẹ́ tìmùtìmù rẹ̀, ó jókòó, ó tún fi ìdí tì í díẹ̀ sí i títí òun fi wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, níbi tí ẹni tó bá ń wọlé yóò ti kọ́kọ́ rí i. Ọmọdébìnrin kan tó pẹ́ dé gba ẹnu ilẹ̀kùn wọlé, ó kúnlẹ̀ níwájú àwọn méjèèjì.

"Ẹ káàárọ̀, Ìyá Ìjọ."

Àwọn méjèèjì ló dáhùn. Ṣùgbọ́n Tabitha ló kọ́kọ́ dáhùn.